Ilé Eré Yunifásítì Houston àti Ìwé Àdéhùn Rẹ̀

 

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ká sọ pé bàbá kan ní ilẹ̀ lẹ́bàá iléèwé. Ó ní: «Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀.» Gbogbo abúlé dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ọdún kọjá, bàbá ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ gbé bọ́ọ̀lù dé, wọ́n bá igi kajú kéékèèké láàrin pápá. Àwọn ọmọ bàbá ní: «Ilẹ̀ baba wa ni.» Abúlé ní: «Baba yín ló fi fún wa.» Ta ló jàre? Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ara wọn ti kú tán.

Ṣé àwa nìkan ni irú ìjà yìí ń bá? Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, ní yunifásítì ńlá kan, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ilé eré kan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìwé wà. Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà, ká wo ẹni tó san owó rẹ̀, ká wo ọmọ Yorùbá tó di olókìkí nínú rẹ̀, ká sì wo ohun tí ìwé náà ṣe. Lẹ́yìn náà, a ó padà sí abúlé wa.

1. Eré wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Eré náà ni básíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn míì ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Orúkọ yìí bá a mu, ẹ ó rí i.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 1891, olùkọ́ kan wà ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà. James Naismith ni orúkọ rẹ̀. Ìgbà òtútù ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣeré níta. Ọ̀gá iléèwé ní kí Naismith wá eré kan tí wọ́n lè ṣe nínú ilé. Naismith mú apẹ̀rẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń kó èso. Ó kàn wọ́n mọ́ òkè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 18 sí ọ̀nà méjì. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa wá bí ó ṣe máa ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ kejì ń ṣọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ náà ní ìdí. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú rẹ̀, ẹnìkan ní láti gun àkàbà lọ mú un wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá yọ ìdí rẹ̀. Lónìí, òrùka irin àti àwọ̀n ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ ò tíì yí padà: mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 5 láti ilẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Naismith ò fi ẹnu lásán ṣàlàyé eré rẹ̀. Ó kọ òfin 13 sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ìdí nìyẹn tí eré náà fi lè ti ìlú kan dé ìlú mìíràn láìdarú.

Nínú ìdíje àgbáyé lónìí, èèyàn 5 ló ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gígùn ibi eré jẹ́ mítà 28, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 15. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀:

28 × 15 = 420.

Ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 420. Bí a bá fi àyè mítà 2 sílẹ̀ yí ká, gígùn di mítà 32, ìbú di mítà 19:

32 × 19 = 608.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kajú, ẹ fi oko yín wò ó. Bí ẹ bá gbin kajú ní mítà 10 sí mítà 10, igi kan ń gba mítà onígun mẹ́rin 100. Ilẹ̀ tí igi kajú bíi 6 ń gbà ni gbogbo ibi eré básíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ilẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ kékeré lè dá ìjà ńlá sílẹ̀ bí kò bá ní ìwé.

2. Kí ló dé tí yunifásítì fi ń kọ́ ilé eré?

Yunifásítì ni iléèwé tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yege ìdánwò báàkì. Ní orílẹ̀-èdè wa Benin, yunifásítì wà ní Abomey-Calavi láti 1970, òmíràn sì wà ní Parakou láti 2001. Ibẹ̀ ni dókítà, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ àgbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé: «Ṣé iṣẹ́ ìwé ni wọ́n bá lọ, àbí iṣẹ́ eré?» Ìbéèrè dáadáa ni. Iṣẹ́ ìwé ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì máa ń bá ara wọn díje nínú eré. Àwọn èèyàn ń sanwó láti wò ó. Iléeṣẹ́ tẹlifísàn náà ń sanwó kí wọ́n lè gbé e jáde. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe dáadáa, orúkọ yunifásítì á tàn ká. Àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀, tí wọ́n sì ti di olówó, á rántí ilé, wọ́n á mú owó wá. Inú ilé náà kan náà ni wọ́n tún lè ṣe ìpàdé ńlá àti ayẹyẹ ìgboyè sí.

Nílẹ̀ Áfíríkà náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Nílẹ̀ wa, ilé eré tó ní òrùlé wà ní Kouhounou ní Kútọnu, lẹ́bàá pápá ńlá tí wọ́n ṣí ní 1982. Wọ́n ṣí ọ̀kan nítòsí Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní 2018. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 15,000. Wọ́n ṣí òmíràn ní Kigali, ní Rùwáńdà, ní 2019. Ìjókòó tirẹ̀ jẹ́ 10,000. Ìjọba ló ni àwọn wọ̀nyẹn. Èyí tí a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, yunifásítì ló ni ín.

3. Ilé àkọ́kọ́: 1969

Houston jẹ́ ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Texas, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1927. Ní nǹkan bí 1968, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì náà ti lókìkí. Ní oṣù Jánúárì ọdún yẹn, wọ́n bá ẹgbẹ́ UCLA ta, èèyàn tó lé ní 52,000 ló wá wò wọ́n. Houston ló borí. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ta á kì í ṣe tiwọn. Bí ìgbà tí èèyàn bá ṣe ìgbéyàwó ní àgbàlá aládùúgbò ni. Ẹgbẹ́ náà ò ní ilé tó yẹ òkìkí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Houston tó ń jẹ́ Roy Hofheinz. Ó ti ṣe mẹ́ẹ̀rì ìlú náà rí, láti 1953 títí di 1955. Òun náà ló wà nídìí kíkọ́ pápá eré ńlá olórùlé tí wọ́n ṣí ní Houston ní 1965, ìyẹn ibi tí wọ́n ti borí UCLA. Ní 1969, Hofheinz fún yunifásítì ní mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀ dọ́là láti fi ran ilé eré náà lọ́wọ́. Wọ́n ṣí ilé náà lọ́dún yẹn. Wọ́n fi orúkọ Hofheinz àti ti Irene, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, Hofheinz Pavilion ni gbogbo ayé ń pè é.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ yìí ò dúró lórí ẹnu. Àdéhùn kíkọ wà láàrin ẹni tó fún yunifásítì lówó àti yunifásítì tó gbà á.

4. Ọmọ Èkó nínú ilé náà

Ní 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Èkó dé Houston. Hakeem Olajuwon ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ní kékeré, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, adélé ni. Ó tún ń ṣe bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́. Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ga ju mítà 2 lọ. Ṣùgbọ́n gíga nìkan ò tó. Ẹsẹ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ojú tó fi ń ṣọ́ ilé, gbogbo rẹ̀ ló gbé wọ inú eré tuntun náà.

Olùkọ́ ẹgbẹ́ náà ni Guy Lewis. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí Olajuwon ta nínú ìdíje. Ó ní láti kọ́ eré ná. Nígbà tó bọ́ sí gbangba, àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sí Hofheinz Pavilion láti wò ó. Lọ́dún 1982, 1983 àti 1984, lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ Houston wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù sẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọn ò gba ife náà. Ní 1983, ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn pátápátá, àwọn NC State ju bọ́ọ̀lù kan wọlé, wọ́n fi 54 borí 52. Ẹ wo bí ó ti máa dùn wọ́n tó! Ní 1984, Georgetown tún borí wọn.

Olajuwon ò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi eré ṣe iṣẹ́ owó ń yan àwọn ọmọ tuntun, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo wọn. Ó bá ẹgbẹ́ Houston Rockets gba ife orílẹ̀-èdè ní 1994 àti 1995.

Ṣé ilé ló sọ Olajuwon di Olajuwon? Kì í ṣe ilé nìkan. Ó ti ń ṣeré ní Èkó kó tó mọ̀ pé ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ilé fún un ní ibi tó dúró sí, olùkọ́ fún un ní ọgbọ́n, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọmọ tó lẹ́bùn, tí kò ní ibi tó máa ṣeré, ta ló máa mọ̀ ọ́n?

5. Ilé gbó, owó tuntun dé

Ilé kì í wà títí bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Hofheinz Pavilion ti lé ní ogójì ọdún, ó ti gbó. Àwọn yunifásítì mìíràn ti kọ́ ilé tó dára ju tiwọn lọ. Ọmọ tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì ta dáadáa, tó ń wá yunifásítì tó máa lọ, á wo ilé tí yóò ti máa ṣeré kó tó dáhùn.

Yunifásítì ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n wó o kí wọ́n kọ́ òmíràn, tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n yan àtúnṣe. Wọ́n fi ara ilé àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe pátápátá. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 60 dọ́là. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa, ó lé ní mílíọ̀nù sẹfa kan lọ́nà 30,000.

Níbo ni wọ́n ti máa rí irú owó yẹn? Wọ́n tún wá olówó. Ní 2016, ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Tilman Fertitta gbà láti fi mílíọ̀nù 20 dọ́là sílẹ̀. Òun náà ti kàwé ní yunifásítì yẹn rí, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀:

60 ÷ 20 = 3.

Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ló ti ọwọ́ èèyàn kan ṣoṣo wá. Wọ́n pinnu pé orúkọ rẹ̀ ni ilé náà máa jẹ́: Fertitta Center.

6. Orúkọ ta ni kí ilé máa jẹ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ilé náà ti ní orúkọ. Hofheinz ti kú ní 1982, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ wà láàyè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé yunifásítì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí orúkọ ilé sì yí padà, inú wọn ò dùn. Wọ́n ní: «Bàbá wa fún yín lówó, ẹ sì gbà láti fi orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ ilé yìí. Àdéhùn wà.» Ní 2016, wọ́n gbé yunifásítì lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, torí pé agbọ́tẹnikan-dájọ́ òṣìkà ni. Ìdílé Hofheinz ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó fún èèyàn ní nǹkan lórí àdéhùn, kò yẹ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ torí pé ó ti kú. Yunifásítì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ilé ti gbó, owó 1969 ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́, ẹni tó sì máa mú owó tuntun wá fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò: ká ní kò sí ìwé, kí ni ìdílé Hofheinz ì bá mú lọ síwájú adájọ́? Ó ti lé ní ogójì ọdún. Hofheinz fúnra rẹ̀ ò sí mọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀. Yunifásítì ì bá kàn sọ pé: «A ò rántí.» Ṣùgbọ́n nítorí pé àdéhùn wà ní kíkọ, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Níkẹyìn, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ìdílé gbà kí orúkọ ilé yí padà. Yunifásítì náà gbà láti ṣe ìrántí Hofheinz níbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ mú owó wá. Ẹnikẹ́ni ò gba gbogbo ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pàdánù gbogbo rẹ̀.

7. Ilé tuntun ṣí: 2018

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, níbo ni ẹgbẹ́ Houston ti ń ta? Wọ́n lọ tọrọ ilé lọ́wọ́ yunifásítì mìíràn tó wà nítòsí wọn, Texas Southern. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje ọdún 2017 sí 2018. Aládùúgbò rere dára o.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Disẹ́ńbà 2018, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Houston ta ìdíje àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun. Oregon ni wọ́n bá ta, Houston ló borí. Ìjókòó inú ilé náà jẹ́ nǹkan bí 7,100. Ti àtijọ́ lé ní 8,000. Ẹ ò rí i pé ìjókòó dín kù? Owó pọ̀ sí i, ìjókòó dín. Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe kí ilé tóbi, bí kò ṣe kó wúlò fún àwọn tó ń lò ó: kí òǹwòran ríran dáadáa, kó jókòó dáadáa, kí àwọn eléré ní yàrá tó yẹ wọ́n.

Orúkọ Guy Lewis, olùkọ́ Olajuwon, ṣì wà lórí ilẹ̀ eré nínú ilé tuntun. Nítorí náà, ilé kan ní orúkọ púpọ̀ nínú: ti ẹni tó tún un ṣe, ti olùkọ́, àti ìrántí ẹni tó kọ́kọ́ mú owó wá.

Ẹgbẹ́ náà sì dìde. Ní 2021, Houston tún wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù sẹ́yìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1984. Ní 2025, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá. Florida fi 65 borí 63. Bí ti 1983 náà ni, àmì méjì péré! Ọ̀nà ṣì jìn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n nílé tí wọ́n á padà sí.

8. Kí la rí kọ́ fún abúlé tiwa?

A ò ní mílíọ̀nù dọ́là. A ò sì nílò rẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó lè ṣeré. Ilẹ̀ títẹ́jú kan, òpó méjì, pátákó méjì àti òrùka irin méjì tí alágbẹ̀dẹ tàbí onísọ́dà lè ṣe, básíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Naismith fi apẹ̀rẹ̀ èso bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a lè rí kọ́ lára Houston ni mẹ́ta yìí:

Ìkíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá kan fi sílẹ̀ fún pápá, owó tí ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe òrí kó jọ fún kànga, sìmẹ́ńtì tí ọmọ abúlé tó wà ní Kútọnu fi ránṣẹ́ fún iléèwé, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó ní ìwé. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán ara wa. Ọ̀rẹ́ ni ìwé jẹ́ fún àwọn tí wọn ò tíì bí.

Ìkejì: ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ kọ iye ọdún tí àdéhùn máa wà, ẹ sì kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí nǹkan bá gbó tàbí bí abúlé bá fẹ́ yí i padà. Ibẹ̀ ni ìjà sábà máa ń wà.

Ìkẹta: ẹ kọ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Nǹkan gbogbo ayé tí kò ní olùtọ́jú, nǹkan ẹnikẹ́ni kọ́ nìyẹn. Ta ló máa ro koríko pápá? Ta ló máa tún òpó ṣe bí ó bá wó? Níbo ni owó rẹ̀ á ti wá?

Ẹ wo àpẹẹrẹ ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín lè kọ:

ÌWÉ ÀDÉHÙN
Èmi, ………………, mo fi ilẹ̀ mi tó wà ní ……………… sílẹ̀ fún abúlé ………………
Gígùn: mítà …… Ìbú: mítà ……
Ààlà rẹ̀: lápá òkè ……… lápá ìsàlẹ̀ ……… lápá ọ̀tún ……… lápá òsì ………
Ohun tí a máa fi ṣe: pápá eré àwọn ọmọ.
Ìgbà tí ó máa wà: ………………
Orúkọ tí pápá máa jẹ́: ………………
Bí a bá fẹ́ yí iṣẹ́ tàbí orúkọ rẹ̀ padà, àwọn tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè ni: ………………
Àwọn tó máa tọ́jú rẹ̀: ………………
Ọjọ́: ……………… Ibi: ………………
Ọwọ́ ẹni tó fún ni: ………………
Ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀: ………………
Ọwọ́ olórí abúlé: ………………
Ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí: 1. ……… 2. ……… 3. ………

Ẹni tí kò bá tíì mọ̀wé kọ lè tẹ ìka rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ ẹni tó fún ni, torí àwọn ló máa ń sọ lọ́la pé àwọn ò mọ̀. Ẹ kọ ìwé náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó fún ni, ọ̀kan lọ́wọ́ abúlé, ọ̀kan lọ́wọ́ iléèwé. Ìwé tí ẹnìkan ṣoṣo mú pamọ́, bí ikán bá jẹ ẹ́, ó parí.

Fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìwé àárín ara wa yìí jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè wa ní òfin ilẹ̀ láti 2013. Òfin náà mọ ilẹ̀ àjogúnbá, ó sì ní irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lè fún ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ẹ mú ìwé yín lọ bá àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní abúlé, kí ẹ sì dé ọdọ̀ àwọn tó ń rí sí i ní mẹ́ẹ̀rì, kí wọ́n sọ ohun tó kù fún yín láti ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀. Inú rere ló fi fún àwọn ọmọ ní ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú: wọ́n rí ilẹ̀ baba wọn, wọn ò rí ìwé. Abúlé ò sì purọ́. Bí ojú ewé kan péré bá wà, tí bàbá náà tẹ ìka rẹ̀ sí, ìjà yẹn ì bá má wáyé. Àwọn ọmọ ì bá wà lórí pápá, orúkọ bàbá náà ì bá sì wà lẹ́nu wọn títí dòní.

Kí nìdí tí a fi ń kọ́ ìwé? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ nìyẹn.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀
Àdéhùn: ohun tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ fẹnu kò sí.
Ẹ̀dà: ìwé kejì tàbí ìkẹta tó bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀.
Àṣekágbá: ìdíje tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa gba ife.
Dọ́là: owó tí wọ́n ń ná ní Amẹ́ríkà.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí nìdí tí Naismith fi wá eré tí wọ́n lè ṣe nínú ilé?
2. Èló ni Hofheinz fún yunifásítì? Kí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ?
3. Láti 1969 títí di 2018, ọdún mélòó ni?
4. Nínú mílíọ̀nù 60 dọ́là, Fertitta fún wọn ní mílíọ̀nù 20. Èló ló kù tí wọ́n ní láti wá níbòmíràn?
5. Lójú tiyín, ta ló jàre nínú ọ̀rọ̀ orúkọ ilé náà: ìdílé ni, àbí yunifásítì? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
6. Ní abúlé yín, nǹkan gbogbo ayé wo ni kò tíì ní ìwé? Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé àdéhùn kan fún un. Ẹ kà á sétí gbogbo kíláàsì.